Bùkà kan tó fara sin ní Òrógùn: òjò ló ń yan oúnjẹ níbẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti jẹun níbẹ̀ kí n tó jókòó kọ èyí, torí ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì mọ ibẹ̀. Ohun tí mo jẹ lóṣù kejì ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí mo padà dé lóṣù kẹfà. Èyí tí mo sì jẹ lóṣù kẹfà, bí ẹ bá lọ bèèrè rẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ̀rín ni Màmá olóúnjẹ máa fi yín rín.

Ìlú Ìbàdàn ni o. Bùkà náà ò ní pátákó orúkọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú máíkírà ní Òrógùn, ẹ wọ àdúgbò lọ títí ọ̀dà fi tán lójú títì, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù fókánáísà kan tó to táyà síwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọjá ibẹ̀, òórùn irú ló pàpà fà mí wọlé. Tábìlì mẹ́fà, bẹ́ǹṣì, òrùlé páànù, igi máńgòrò kan tó ń da ewé sórí páànù náà, àti pátákó dúdú bíi ti ilé ìwé tí ọmọ-ọmọ Màmá máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ oúnjẹ ọjọ́ náà sí. Ohun mẹ́ta ni, mẹ́rin tó bá pọ̀. Ìrẹsì ò sí. Ojú mi ni ọkùnrin kan ṣe bínú jáde nítorí ìrẹsì. Kó máa lọ, ìrẹsì kún inú àwọn bùkà tó kù.

Oúnjẹ oṣù kẹfà ni mo fẹ́ sọ dáadáa. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà kún fún ẹrẹ̀, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, èmi àti ìyàwó mi. Ohun tó wà lára pátákó ni sapala, olú, ìgbín. Sapala yẹn, àgbàdo tútù ni wọ́n lọ̀ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, wọ́n bu epo pupa díẹ̀ sí i, wọ́n wá pọ́n ọn sínú ewé bíi móínmóín. Àwọn kan ń pè é ní àbàrí. Nílé tiwa, àbàrí àgbàdo gbígbẹ lọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n n kò wá jà síbí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé àgbàdo náà gbọ́dọ̀ ṣì lómi wàrà nínú. Bó bá ti gbó ju bó ṣe yẹ lọ, adùn rẹ̀ ti lọ nìyẹn, tí ẹ bá sè é, á le bí ògiri. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń sè é fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, kì í sì í fi ṣúgà kankan sí i.

Gbogbo wa la mọ sapala. Àmọ́ Màmá tú ewé rẹ̀, ó fi sílẹ̀ lórí ewé náà nínú abọ́, ó wá da olú àti ìgbín lé e lórí. Ọwọ́ ni wọ́n fi fa olú náà ya, ọ̀bẹ ò kàn án. Ata rodo, irú wooro, epo tí wọ́n yọ́ díẹ̀; tòmátì ò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n gé ìgbín wẹ́wẹ́ bí èékánná àtàǹpàkò, wọ́n dín in díẹ̀ kó tó wọ inú ata. Adùn àgbàdo kọ́kọ́ dé, ata tẹ̀ lé e, olú wá ń fà lẹ́nu bí ẹran adìyẹ ìbílẹ̀. Ìyá mi máa ń fi olú se ẹ̀gúsí, mo sì mọ olú dáadáa, ṣùgbọ́n n kò rí i lórí sapala rí láyé mi. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí abọ́ rẹ̀ fi tán.

Mo bèèrè ibi tí olú ti ń wá. Obìnrin kan ló ń gbé e wá láti ọ̀nà Akínyẹlé, ọwọ́ rẹ̀ nìkan sì ni Màmá ti ń rà á. Ó ní òun kì í ra tàwọn ọmọdé tó ń kiri ẹ̀bá títì, torí kì í ṣe gbogbo olú lèèyàn ń jẹ. Ìgbín ńkọ́? Ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti eérú ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kò sì sí ìkẹ́lẹ́ lára rẹ̀ rárá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Màmá kì í tà á. “Ìgbín ẹ̀ẹ̀rùn ti sé ilẹ̀kùn mọ́rí, bọ̀dá, ó ti rù. Kí lẹ fẹ́ jẹ níbẹ̀?”

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n dán wò ló bọ́ sí i o. Lóṣù kejì, àgbálùmọ̀ ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ẹja àrọ̀. Wọ́n yọ hóró rẹ̀, wọ́n fi ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ata. Kíkan rẹ̀ bá ẹja mu, ìyẹn dájú, ó pa òórùn ẹrẹ̀ tó máa ń wà lára àrọ̀. Ṣùgbọ́n oje èèpo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi létè títí mo fi délé, ọbẹ̀ náà ò sì bá àmàlà rìn. Ìyàwó mi ní èmi ni n kò mọ oúnjẹ, pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ ló yẹ kí n fi jẹ ẹ́ bíi tòun. A ò tíì parí àríyànjiyàn yẹn.

Lóṣù kẹjọ, iṣu tuntun ti kún ọjà Bódìjà, mo bá ní kí wọ́n gún iyán fún mi. Màmá kọ̀. “Omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀ ná.” Sísun ló sun ún, ó fi epo àti ata gígún sí i, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ gbúre. Mo jẹ ẹ́, mo sì dákẹ́.

Ẹ̀sùn mi ò pọ̀. Ìdúró pẹ́: ó tó àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ́jọ́ sapala. Lọ́jọ́ kan, iyẹ̀pẹ̀ wà nínú ẹ̀fọ́ wọ̀rọ̀wọ́ mi. Mo sọ, wọ́n gbé abọ́ náà, wọn ò sì gba owó rẹ̀. Zóbò wọn, ata ilẹ̀ ti pọ̀ jù. Pí-ó-ẹ̀ẹ̀sì wọn kì í sábà ṣiṣẹ́, ẹ mú owó dání. Sapala méjì pẹ̀lú olú àti ìgbín, ₦4,500 ni mo san, ìgbín ló gbówó lé e. Bí aago kan bá ti lù, ẹ má wulẹ̀ wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún débẹ̀. Mo rí “ẹ̀fọ́ yánrín” lára pátákó láti ẹnu ọ̀nà, ọdún mélòó ni mo ti jẹ yánrín gbẹ̀yìn! Kí n tó rí bẹ́ǹṣì jókòó sí, ọmọ náà ti mú àkísà, ó nù ún kúrò. Gbúre ni mo jẹ.