Ẹ̀rọ ìgégò fún ẹ̀bùn ọdún: ó ń fa ìlà tó tọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ìgò ni iṣẹ́ wà

Bí Kérésìmesì ṣe ń sún mọ́lé, ẹ̀rọ ìgégò olówó pọ́ọ́kú ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń gbé e dé Ìbàdàn fún ẹni tó bá rà á. Férémù irin kan ni, ó ní àwọn róólà tí ìgò ń yí lé lórí, àti wíìlì kékeré kan tó le ju dígí lọ. Orúkọ rẹ̀ kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: kì í gé nǹkan kan. Ìlà ló ń fà sára ìgò. Omi gbígbóná àti omi tútù ló ń gé e.

Ní ti ìlà fífà, kò sí ẹ̀sùn. Ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán kan sí wíìlì, ẹ de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, ẹ rọra tẹ ìgò, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró kan náà ló yẹ kó máa dún yí po. Ibi tó bá ti dákẹ́, ìlà ti já níbẹ̀. Ẹ má tún un yí. Ìlà kejì kì í bọ́ sójú ti àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n bá ti yà síra ni dígí ti ń ṣẹ́ wọ́gọwọ̀gọ.

Ẹ wá da omi tó gbóná, tí kò tíì hó, sórí ìlà bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ fi omi ẹ̀rọ tútù tẹ̀ lé e. Tó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, á já fúnra rẹ̀. Dígí tó gbóná ń fẹ̀, èyí tó tutù ń sún kì, ojú ìlà ni kò lágbára. Omi híhó àti yìnyín ló ń mú kó sán gba ara ìgò lọ.

Sáńdípépà inú páálí ni wọ́n fi tan oníbàárà. Kò lè parí ìgò méjì. Ẹ ra dúdú tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, nọ́ḿbà 120, 240 àti 400. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táìlì, ẹ bu omi sí i, ẹ da ẹnu ìgò dé e, kí ẹ máa yí i, kí ẹ tó wá fá etí rẹ̀ nínú àti lóde. Ẹ má fá a ní gbígbẹ, ẹ sì lo ìbòmú, torí eruku dígí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Páálí ní ife ìmumi lẹ ó fi ṣe. Lójú tèmi, ìgò òdòdó ni kí ẹ fún èèyàn. Ètè ò gbọdọ̀ kan ẹnu tí a kò fá kúnná. Bó bá jẹ́ àtùpà, ẹ má da abẹ́là yíyọ́ sínú rẹ̀, ooru lè la ìgò náà. Iyanrìn díẹ̀ nísàlẹ̀, abẹ́là kúkúrú lórí rẹ̀, ó tán.

Ìgò wáìnì ló dára jù, ó sì pọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn àríyá Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìgò sìnáàpù onígun mẹ́rin kò lè yí lórí róólà. Èyí tí lẹ́tà yọ lára rẹ̀ ń mú kí wíìlì fò. Ìgò bíà ńkọ́? Kiréètì ló ni ín, ẹ dá a padà. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ìgò sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ kí bébà ara rẹ̀ ṣí. Òróró ìsebẹ̀ á mú gọ́ọ̀mù tó bá kù. Àjákù àdìrẹ lọ́dọ̀ télọ̀ tó láti fi wé ẹ̀bùn náà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ mi wíìlì náà wò. Tó bá ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ má rà á, ìlà rẹ̀ kò ní pàdé láéláé.