Búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n àtijọ́: ṣé ká ra onírun kíkún ni, àbí èèkù lásán?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ra búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n àtijọ́. Ẹ lè ra èyí tí irun rẹ̀ ṣì kún, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ máa lò ó lọ. Ẹ sì lè ra èyí tí irun rẹ̀ ti kú, kí ẹ gbẹ́ ẹ jáde, kí ẹ fi ìdì irun tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo ti ra méjèèjì. Èkíní ló wù mí jù, òun náà ló fi owó mi ṣòfò.

Irun badger, ẹranko kan nílẹ̀ òkèèrè, ni: orí irun funfun, àárín dúdú, ìsàlẹ̀ funfun. Nínú fọ́tò, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí òwú. Mo rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi po ọṣẹ. Kí n tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, irun ti wà nínú abọ́, ó wà létè mi, ó wà lọ́rùn mi. Mo kó márùn-ún sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé wọn sábẹ́ iná. Kò sí èyí tó tu látinú gọ́ọ̀mù. Ńṣe ni gbogbo wọn dá, ibì kan náà ni wọ́n sì ti dá, lókè gọ́ọ̀mù díẹ̀, níbi tí ọṣẹ àtọdúnmọ́dún gbẹ sí. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kì í ṣan ọṣẹ kúrò nídìí rẹ̀. Owó mi wá dà bí omi tí wọ́n rọ sínú apẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má bi òǹtajà pé ṣé irun rẹ̀ kún. Ẹ ní kó fi àtàǹpàkò méjèèjì ya irun náà, kó ya fọ́tò ìdí rẹ̀. Bí ihò bá wà láàárín, tàbí tí ẹ rí kúkúté irun, ẹ yáa fi sílẹ̀. Bí ohun funfun bí ìyẹ̀fun bá wà níbẹ̀, ọṣẹ ni. Fínígà díẹ̀ nínú omi lè tú u, àmọ́ kò lè jí irun tó ti kú. Bí òǹtajà bá ń rojọ́ dípò kó ya fọ́tò, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Wọ́n tún máa ń pa irun ẹlẹ́dẹ̀ láró kó lè jọ badger. Orí irun ẹlẹ́dẹ̀ máa ń là sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ò sì ní rí ìyẹn lára badger.

Irun ẹṣin ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án, àti irun àti èèkù. Irú búrọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ kó anthrax, àrùn burúkú kan tí kòkòrò ń fà, ran èèyàn nígbà náà, débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de búrọ́ọ̀ṣì láti Japan ní 1920. Kòkòrò yẹn lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọṣẹ kò sì pa á.

Ní ti èèkù, Catalin, irú ike àtijọ́ kan, ló rọrùn jù: funfun rẹ̀ máa ń pọ́n bí bọ́tà, sáńpépà olómi á sì dá a padà. Ẹ má ṣáà ha orúkọ tó wà lára rẹ̀ dànù. Celluloid, ike àtijọ́ mìíràn, fúyẹ́, ó máa ń rùn bí káńfọ̀ bí ẹ bá fi ọwọ́ ra á. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dán an wò, iná á gbà á. Acetone, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, á yọ́ ọ.

Iṣẹ́ pàápàá kò le. Ẹ gé irun tó ti kú mọ́lẹ̀, ẹ fi dírílì gbẹ́ gọ́ọ̀mù àtijọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé ìdì tuntun sínú ihò láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ wo gíga rẹ̀: bí ó bá ga jù, á rọ̀ jù, bí ó bá kúrú jù, á gan. Fún ìdì tó fẹ̀ ní 24 mm, èmi máa ń jẹ́ kí irun rẹ̀ ga tó nǹkan bí 50 mm. Epoxy, gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń po pọ̀, ló kẹ́yìn.

Mi ò ní kí ẹ má ra onírun kíkún o. Bí ẹ bá lè fi ọwọ́ ara yín ya ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, ẹ rà á. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò nìkan lẹ rí, ẹ ra èèkù tí irun rẹ̀ ti kú. Kò sẹ́ni tó máa fi irun rẹ̀ tàn yín jẹ, owó rẹ̀ sì kéré.

Èèkù badger tó fi owó mi ṣòfò yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ìdì 24 mm ló wà nínú rẹ̀ báyìí, òun ni mo sì fi fá irùngbọ̀n láàárọ̀ yìí.