Áńpù àbúrò bàbá mi, àti Bàbá tó tún un ṣe n'Ìbàdàn

Ẹni tó bá ti gbé áńpù gìtá tí wọ́n ń pè ní Vox AC30 rí á mọ̀ pé kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ó lé ní 30 kílò. Èmi àti awakọ̀ Mícrà la jọ gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá yìí, awakọ̀ náà sì gba owó ẹrù lọ́wọ́ mi lọ́tọ̀.

Àbúrò bàbá mi ló ni áńpù náà. Ó ta gìtá fún ẹgbẹ́ jùjú láyé ọjọ́un. Ilé iṣẹ́ JMI ní Dartford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é, irú èyí táwọn Beatles lò. Kò sí tiransítọ̀ níbẹ̀. Fáàfù onígíláàsì, tó dà bíi gílóòbù kékeré tó ń sọ ohùn di ńlá, ló ń bá a ṣiṣẹ́, sípíkà 12 íńṣì méjì sì wà nídìí rẹ̀. Tí mo bá tàn án, á máa kùn bí ilé oyin, kódà kí n yí fọ́lúùmù wálẹ̀ pátápátá. Tó bá fi máa tó ogún ìṣẹ́jú, òórùn á bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú fáàfù EL84 mẹ́rin tó wà lẹ́yìn á pọ́n bí irin inú àgbẹ̀dẹ. Fíúùsì á já.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e fún (mi ò ní dárúkọ ẹ̀) kò lò ju wákàtí kan lọ tó fi ní ó ti parí. Inú mi dùn. Mi ò mọ̀ pé wáyà bàbà ló wé sójú fíúùsì. Lóòótọ́, fíúùsì ò já mọ́. Áńpù ló kù tí ì bá jó.

Nígbà tí Bàbá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wáyà yẹn ló kọ́kọ́ rí. Ó wò mí. "Ṣé ilé lo fẹ́ sun ni?" Mo ní, "Ẹ máà bínú sà, èmi kọ́."

Bàbá ti lé ní 70 ọdún. Rédíógíráàmù àtijọ́ ló tò jọ kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn á fi wọlé. Ohun tó mú kí n gbà pé ó mọṣẹ́ ni pé kò ki púlọ́ọ̀gì áńpù bọ ojú iná tààrà. Ó yọ gbogbo fáàfù kúrò, ó wá gbé pátákó kan tí wọ́n kan gílóòbù mọ́ jáde, gílóòbù 100 wọ́ọ̀tì, irú èyí tó máa ń gbóná yẹn. Inú gílóòbù yìí ni iná á gbà kó tó dé áńpù. Bí nǹkan bá ti kan ara wọn níbi tí kò yẹ, gílóòbù á tàn yòò, kò ní jẹ́ kí iná náà ba nǹkan jẹ́. Tiwa tàn fìrí, ó sì wálẹ̀. Ó ní, "Tiransifọ́mà rẹ ò tíì kú."

Ó dá àwọn fáàfù padà, àyàfi EL84 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi mítà kan ẹsẹ̀ kejì níbi tí wọ́n ń jókòó sí. Òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ó ka 19 fóòtì. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Kapásítọ̀ kan wà tó yẹ kó dá iná tó ń bọ̀ láti iwájú dúró, kó jẹ́ kí ohùn gìtá nìkan kọjá. Ó ti ń jò bí òrùlé àtijọ́, iná tó ń jò yẹn ló sì ń ti EL84 láti máa ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Kíkùn bí oyin yẹn, tiẹ̀ yàtọ̀: àwọn kapásítọ̀ ńlá tó ń sẹ́ iná ni omi inú wọn ti gbẹ.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ò kúrò nínú àpò ṣòkòtò ní gbogbo ìgbà tí áńpù wà lórí iná. Ó ní kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà òun kọjá ni. Lẹ́yìn tó yọ púlọ́ọ̀gì náà, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Iná tó lé ní 300 fóòtì ṣì lè sápamọ́ sínú kapásítọ̀. Ó fi rẹsítọ̀ kan fà á jáde díẹ̀díẹ̀, mítà sì ń wálẹ̀ títí ó fi dé òdo. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kékeré náà ti ọwọ́ òsì bọ àpò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdúró lásán ló dúró.

Mo ní kó kúkú pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀, owó ti wà. Ó kọ̀. "Ṣé wọ́n máa ń sin ẹni tí kò kú nílé yín ni?" Fáàfù GZ34 tó wà níbẹ̀, Mullard tí wọ́n ṣe ní Blackburn, kò fọwọ́ kàn án. Ó pààrọ̀ kapásítọ̀ tó gbẹ àtèyí tó ń jò, ó fi wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní ááàtì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, rọ́pò ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó fi fíúùsì gidi síbẹ̀. Àwọn EL84 tuntun, JJ tí wọ́n ń ṣe ní Slovakia, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi sínú ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ láti London. Bàbá gba 60,000 náírà owó iṣẹ́. Owó fáàfù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí náà. Ọ̀sẹ̀ kan ló dá fún mi, ọ̀sẹ̀ 7 ló lò. Tí mo bá pè é, "ọ̀la" ni. Kò fún mi ní rìsíìtì. Iná NEPA ò sì ràn wá lọ́wọ́, torí kò gbà láti fi jẹnẹrétọ̀ kékeré dán an wò. Ó ní iná rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀.

Àmọ́ ọjọ́ tí mo ki gìtá bọ̀ ọ́, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Kò kùn mọ́. Tí mo bá rọra ta á, ohùn rẹ̀ mọ́ ṣaka. Tí mo bá fi agbára ta á, ó há díẹ̀, bí ọ̀fun ẹni tó ti ń kọrin látàṣálẹ́. Bàbá ń mi orí, ó ń wá ibi tó ti fi awò rẹ̀ sí.

Ẹni tí áńpù àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò kánjú, kó gbé e lọ bá a. Ẹni tó ní òde lọ́jọ́ Sátidé, kó wá ẹlòmíì.

Ibi tó ń mú ohùn gbọ̀n, tí wọ́n kọ Vib-Trem sí, kò tíì ṣiṣẹ́. Mo bi í pé ìgbà wo ni kí n gbé e padà wá. Ó ní ọ̀la.