NGK BKR7EIX fún Golf GTI tó ti gba Stage 1 ní Àbújá

Ẹni tó bá ń wa Golf GTI Mk6 ní Àbújá, tó sì ti jẹ́ kí wọ́n tún brain box rẹ̀ kọ sí Stage 1, ìyẹn fáìlì tuntun tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lágbára sí i, púlọ́ọ̀gì NGK BKR7EIX ni kó rà sínú rẹ̀. Mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì TSI lítà méjì yẹn ń gbà. Púlọ́ọ̀gì tó dáa ni, ó sì ń fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìlú yìí. Àbùkù tí mo rí sí i kò ju méjì lọ: àlàfo ẹnu rẹ̀, àyè tí iná ń fò kọjá, tó ń bá a jáde nínú páálí kọ́ ni ọkọ̀ Stage 1 ń fẹ́, ayédèrú rẹ̀ sì wà lọ́jà.

Ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ kà, wọn ò ní lè ta nǹkan míì fún un. B ni tírẹ́ẹ̀dì milimítà 14. K ń sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 ló ń tú u. R ni pé resistor wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí iná púlọ́ọ̀gì da rédíò àti àwọn sẹ́ńsọ̀ láàmú. 7 ni ìwọ̀n ooru, E ni gígùn tírẹ́ẹ̀dì, milimítà 19, IX sì ni irídíọ̀mù. Nọ́ńbà tó wà lára páálí ni 2667. Bí ẹ bá rí -11 lẹ́yìn orúkọ náà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, àlàfo milimítà 1.1 nìyẹn, kò yẹ ọkọ̀ yìí tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Èyí tí kò ní ìrù kankan máa ń wá pẹ̀lú 0.8.

Nọ́ńbà 7 yẹn ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ti NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni púlọ́ọ̀gì ń tutù sí i, ìyẹn ni pé ó ń yára gbé ooru kúrò ní ẹnu rẹ̀ lọ sínú orí ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Denso, àmọ́ 22 ni Denso ń pe èyí tí NGK ń pè ní 7. Ti Bosch àti Champion, òdìkejì ni: nọ́ńbà ńlá ló gbóná jù. Ẹnu púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ gbóná tó bíi 450°C kó tó lè jó èédú ara rẹ̀ dànù. Bó bá sì kọjá nǹkan bíi 800, òun fúnra rẹ̀ á di ẹyin iná, á máa tanná ran epo kí àkókò tó tó. Ìlànà NGK ni pé kí a mú èyí tó fi ìpele kan tutù jù fún gbogbo agbára ẹṣin 75 sí 100 tí a bá fi kún ẹ́ńjìnnì. Ohun tí Stage 1 ń fi kún Mk6 kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, èyí tí Volkswagen fúnra rẹ̀ fi sínú ọkọ̀ náà, PFR7S8EG, 7 ni òun náà. Kí la wá fẹ́ fi 8 ṣe?

Ẹni tó ń ti Màràbà bọ̀ láràárọ̀, tó ń wọ́ bí ìgbín kọjá Nyanya kó tó dé oríta AYA, ẹnu púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Bó bá jẹ́ 8 ló wà níbẹ̀, èédú á bò ó, ọkọ̀ á máa gbọ̀n tó bá dúró, òórùn epo á sì máa jáde láti ẹ̀yìn. BKR8EIX wà fún ẹni tó ti pààrọ̀ tọ́bò sí èyí tó tóbi, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni ọkọ̀ rẹ̀ sábà ń rìn.

Àlàfo ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Iná ní láti fò láti irin àárín sí irin tó tẹ̀ bò ó lórí. Bí tọ́bò bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ wọlé sí i, bẹ́ẹ̀ ni inú sílíńdà ń ki sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ní láti fi agbára kún agbára kí iná tó lè fò. Kí ọkọ̀ tó gba Stage 1, 0.8 ò ní dà á láàmú. Lẹ́yìn Stage 1, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gíà kẹta tàbí ìkẹrin: ọkọ̀ á fà, á sì ta gìrì láàárín bí ẹni tó ń súkè, iná ẹ́ńjìnnì á máa ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Scanner á gbé P0300 jáde, kóòdù pé sílíńdà ń tàsé, tàbí ọ̀kan nínú P0301 sí P0304, tó ń sọ sílíńdà tó jẹ́. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti máa ń sáré lọ ra kọ́ìlì mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ dín àlàfo kù sí 0.6 tàbí 0.65. Bó bá kéré ju ìyẹn lọ dáadáa, iná á tín-ín-rín jù, ọkọ̀ ò ní dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́.

Feeler gauge oníwáyà ni kí ẹ lò, ẹ má lo èyí tó rí róbótó bí owó ẹyọ. Irin irídíọ̀mù àárín yẹn kò ju milimítà 0.6 lọ ní ìbú. Ó le gan-an, àmọ́ ó máa ń ṣẹ́. Ẹ mú púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́, ẹ fi ẹ̀yìn irin òkè kan pákó pẹ́pẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún kàn án. Bó bá pa dé jù, pílíà ẹlẹ́nu tín-ín-rín ni kí ẹ fi gbé irin òkè sókè. Ohunkóhun tí ẹ bá kì bọ àárín láti fi wọ́n ya, ara irídíọ̀mù ló máa ti.

Ní Àpò Mechanic Village àti ní ọjà spare parts Zuba, ẹ tú páálí lójú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi ìka yí wọ́ṣà tó wà lọ́rùn púlọ́ọ̀gì. Ti ojúlówó á yí, kò ní bọ́. Ti ayédèrú sábà máa ń yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹnu rẹ̀: irin àárín gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí imú abẹ́rẹ́, irin òkè sì gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan rẹ̀ láìyẹ̀. Ẹ wo ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbá mú bóyá àmì tí wọ́n tẹ̀ sí irin wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí orúkọ Niterra lára páálí, ẹ má bẹ̀rù. Orúkọ tuntun tí ilé-iṣẹ́ NGK ní Japan mú ní 2023 ni, NGK ṣì ni wọ́n ń tẹ̀ sára púlọ́ọ̀gì.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, ẹni tó bá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tó ń gbóná lè fa tírẹ́ẹ̀dì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Kọ́ìlì Mk6 kò ní bóòtù, ńṣe ni wọ́n tì í wọlé, torí náà òkè tààrà ni kí ẹ fà á sí. Ooru ti máa ń sọ ike ìdè wáyà rẹ̀ di gbígbẹ, ẹ rọra fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku máa ń kún inú ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi afẹ́fẹ́ fọkanáísà fẹ́ ẹ mọ́ kí púlọ́ọ̀gì tó kúrò lórí ìjókòó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyanrìn yẹn á bọ́ sínú sílíńdà. Ọwọ́ lásán lórí extension ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí tuntun wọlé. Tó bá le ní ìyípo àkọ́kọ́, ó ti dábùú, ẹ tú u padà. Torque wrench: 25 sí 30 Nm. Ẹni tí kò bá ní in, kó fi ọwọ́ yí i títí wọ́ṣà á fi jókòó, kó wá fi sípánà fún un ní ààbọ̀ ìyípo sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ má fi gírísì kankan sí tírẹ́ẹ̀dì. NGK ti fi nǹkan bo irin náà tẹ́lẹ̀, gírísì á jẹ́ kí ẹ fún un jù láìmọ̀.

Kò sí púlọ́ọ̀gì tó lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ fáìlì Stage 1 tí kò bá epo wa mu. Òṣùwọ̀n epo bẹntiróòlù Nàìjíríà ni RON 91, RON sì ni òǹkà bí epo ṣe lè fara da nọ́kì tó. Fáìlì tó ti Amẹ́ríkà wá tí wọ́n kọ 91 sí, òǹkà ti wọn ni, ó tó nǹkan bíi 95 ní òǹkà tiwa. Wọ́n lè fi gbé e sínú ọkọ̀ yín kí wọ́n sì fi ọkàn tútù sọ pé ó bára mu. Ẹ bi ẹni tó ń ṣe é léèrè pé RON mélòó ló kọ ọ́ fún, kó sì fi àyè sílẹ̀, nítorí ní oṣù Kejì ọdún 2022, epo tí mẹ́táànọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, Àbújá náà tò sórí ìlà. Nọ́kì tí fáìlì burúkú ń fà yàtọ̀ sí "ẹ́ńjìnnì ti nọ́kì" tí àwọn mẹkáníìkì ń sọ tí gbogbo rẹ̀ bá gan. Èyí ni kí epo bú gbàmù nínú sílíńdà lẹ́yìn tí iná ti ràn, tí pístìn á sì máa jìyà rẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì tí ẹ bá tú jáde á sọ fún yín. Tí tánganran ẹnu rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi bísíkíìtì, ó dáa. Tó bá funfun báláú tó sì ní ìléròrò, ooru ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá rí èérún fàdákà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, alumíníọ̀mù pístìn ni, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́ títí wọ́n á fi wo fáìlì rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá wà lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo PCV, fáàfù tó ń fa èéfín ọ́ìlì jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá pupa bí ìpẹtà, octane booster, oògùn epo tó ní kẹ́míkà MMT tàbí ferrocene, ni wọ́n ń dà sí epo, ó sì ń bo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Òrùka aláwọ̀ ilẹ̀ tó yí ìdí tánganran òde ká, níbi tó ti wọnú irin, kì í ṣe pé gáàsì ń jò. Mẹkáníìkì máa ń fi dẹ́rù bani, àmọ́ agbára iná ló ń fa eruku mọ́ra síbẹ̀.

Lórí Stage 1, 20,000 kìlómítà ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. 60,000 tó wà nínú ìwé Volkswagen, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Tí sílíńdà kan bá ṣì ń tàsé lẹ́yìn tí ẹ ti fi tuntun sí i pẹ̀lú 0.6, ẹ gbé kọ́ìlì sílíńdà kejì sí ìkẹta, ẹ pa àwọn kóòdù rẹ́, ẹ wà á. Tí P0302 bá di P0303, kọ́ìlì yẹn nìkan ni kí ẹ rà.