Àmì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí a fi igi gbẹ́: mo rà á, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ṣe ọ̀gá àgbà kí n tó fẹ̀yìn tì ni mo ra èyí fún, kí wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn táwọn ọmọ ti ń tò láàárọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́gi kan n'Íbàdàn ni mo ti rà á, ₦45,000. Igi ìrókò ni, ó wúwo dáadáa, ìṣó ńlá ló gbà.

Asà tó wà láàárín ni mo kọ́kọ́ wò. Ó dúdú kirikiri bó ṣe yẹ, torí ilẹ̀ ọlọ́ràá wa ló dúró fún. Funfun tó là á kọjá bíi lẹ́tà Y, odò ni, odò sì gbọ́dọ̀ ní ìgbì. Àwọn onírọ́bà tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà, gbọnrangandan ni wọ́n ń fa tiwọn bí ọ̀nà ọlọ́dà, ó sì máa ń dùn mí. Agbẹ́gi yìí gbẹ́ ẹ wọ́rọ́kọ wọ́rọ́kọ, mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá òsì ni Odò Ọya tó ti ilẹ̀ Guinea ṣàn wá, apá ọ̀tún ni Bẹ́núé láti Kamẹrúùnù, wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sì jọ ń lọ sókun. Ọmọ tí kò dé Lọ́kọ́jà rí lè fọwọ́ kàn án kó mọ bí omi náà ṣe ń lọ. Torí èyí nìkan, owó mi ò gbé.

Ẹyẹ idì pupa, tó dúró fún agbára, bà lé òṣùká aláwọ̀ ewé àti funfun, àwọ̀ àsíá tí bàbá wa Táíwò Akínkúnmi yà ní 1959. Wọ́n fi ọ̀bẹ la ìyẹ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹṣin funfun méjèèjì, tí í ṣe àmì iyì, dára, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kan tín-ín-rín ju ti èkejì lọ.

Òdòdó ìsàlẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀. Pupa ni wọ́n kùn ún, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe. Costus spectabilis ni òdòdó yẹn, ewé rẹ̀ máa ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yẹ́lò ló sì máa ń yọ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Mo fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù. Ọ̀gá wọn ò bá mi jiyàn, ó ní kí ọmọṣẹ́ fi sándípépà ha á, wọ́n tún un kùn, wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀já tí ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà: Unity and Faith, Peace and Progress, tó ti wà níbẹ̀ láti 1978. (Ti 1960 ni Peace, Unity, Freedom; mo ṣì ń rí i lára àwọn ògbólógbòó kan.) Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù, ẹni tó bá dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn ò lè kà á.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ sọ fún agbẹ́gi yín kó tó gbé ọ̀bẹ pé kí lẹ́tà nípọn, kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì pé yẹ́lò ni òdòdó.