Ìrìn-àjò ọjọ́ kan lórí ìtàn ọkọ̀ Mendi: afinimọ̀nà mọṣẹ́, ọ́fíìsì ló kù

Họ́ọ̀nù ló mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò ìrìn-àjò yìí, tí ilé iṣẹ́ kan ṣètò lórí Mendi, ọkọ̀ òkun tó rì ní 1917 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú láti Gúúsù Áfíríkà. A dúró níwájú àwọn orúkọ tí a fín sí ibi ìrántí Hollybrook, nínú itẹ́ òkú kan ní Southampton, màmá ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ń fi wá mọ̀nà sì ń kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù léraléra pé àkókò ti lọ. Nínú itẹ́ òkú! Màmá kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó parí orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó tún ka òmíràn lé e, kí ó tó sọ fún wa pé ká máa lọ kí wọ́n má baà fi wá sílẹ̀.

Inú ti ń bí mi kí a tó débẹ̀. Àwòrán agogo ọkọ̀ Mendi ni ilé iṣẹ́ náà fi polówó ìrìn-àjò yìí, bẹ́ẹ̀ agogo ọ̀hún kò sí ní Bìrìtìkó mọ́ láti ọdún 2018, nígbà tí Theresa May, olórí ìjọba Bìrìtìkó nígbà náà, fi lé Ààrẹ Ramaphosa ti Gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́ ní Cape Town. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì léèrè, ó ní àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fún wa. Màmá ló pẹ̀tù sí mi lọ́kàn: ó sọ bí ẹnìkan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ṣe wé agogo náà sínú ọ̀rá, tí ó sì gbé e sí èbúté Swanage ní 2017 kí oníròyìn kan lè wá mú un.

Láti ìgbà náà ni ìrìn-àjò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Glasgow ni wọ́n ti kan Mendi ní 1905, ó sì ń kó èrò àti lẹ́tà fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster láàárín Liverpool àti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà kan náà tí ọkọ̀ Aureol, tó gbé ọ̀pọ̀ òbí wa wá kàwé níhìn-ín, wá ń ná lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1916, ìjọba gbà á fún iṣẹ́ ogun. Nígbà tó kúrò ní Cape Town ní January 1917, ó gbé àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó lé ní 800, tí wọn kò fún ní ìbọn, tí wọ́n ń lọ ṣe iṣẹ́ agbára fún àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Faransé. Màmá kò kánjú lórí bí wọ́n ṣe tún inú ọkọ̀ náà tò: àwọn ọ̀gá wà nínú yàrá èrò, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń sùn nísàlẹ̀, nínú ikùn ọkọ̀ tí ẹrù máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ kí a mọ ibi tí oníkálukú sùn sí kí ó tó sọ bí omi ṣe wọlé.

Ìwé pẹlẹbẹ náà ní láti Cape Town ni ọkọ̀ náà ti wá sí Plymouth. Mo béèrè bóyá kò yà síbì kankan. Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Nàìjíríà ni òun ti ń retí kí ó béèrè. Èkó ló yà sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti de ìbọn àgbá mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ọ́fíìsì yọ kúrò nínú ìtàn!

Ní ìdájí 21 February 1917, kùrukùru bolẹ̀ nítòsí Isle of Wight. Ọkọ̀ Darro, tó tóbi ju ìlọ́po méjì Mendi lọ, ń sáré bọ̀ láìfọn fèrè ìkìlọ̀, ó sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò tó ìdajì wákàtí tí Mendi fi rì. Ènìyàn 646 ló kú, 607 nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. Darro kò sọ ọkọ̀ kékeré kankan sómi láti gbà wọ́n. Ìwádìí dá ọ̀gá ọkọ̀ náà, Henry Stump, lẹ́bi, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún kan péré.

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta orúkọ tó wà ní Hollybrook, níbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn tí kò ní sàréè, ni ti àwọn èèyàn yìí, orúkọ Lord Kitchener, mínísítà ogun Bìrìtìkó tó kú sínú òkun ní 1916, náà sì wà níbẹ̀, nítorí òun pẹ̀lú kò ní sàréè. Ogún ìṣẹ́jú ni ilé iṣẹ́ fi sí ibẹ̀, wákàtí kan àtààbọ̀ sì ni wọ́n fi sí ọjà etí omi ní Portsmouth, níbi tí n kò ti fẹ́ ra ohunkóhun. A kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ní itẹ́ òkú Milton, tí wọ́n sin díẹ̀ nínú òkú tí omi gbé wá sí.

Nígbà tí mo tẹ ilé iṣẹ́ náà láago, ọkùnrin kan ní kí n kọ ímeèlì. Mo kọ ọ́. Ìdáhùn ni pé ogún ìṣẹ́jú wà nínú àdéhùn. Mo tún pè. Obìnrin tó gbé e lọ́tẹ̀ yìí gbọ́ orúkọ mi, ó bá yí sí Yorùbá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Wọ́n máa ń yọ nínú owó awakọ̀ tó bá pẹ́ dé ni." Ìbínú tí mo ní sí awakọ̀ náà rọ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ṣòfin ni mo dà á sí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ kò jọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n lábẹ́ orúkọ afinimọ̀nà ni wọ́n ń to ìràwọ̀ sí, kì í ṣe lábẹ́ orúkọ ọ́fíìsì. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá màmá náà ló máa mú yín lọ. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ dá owó yín dúró.