Ẹrù kan, nọ́ńbà mẹ́ta: láti Houston dé Ìbàdàn

Ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí wà lára àwọn tí ó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Houston, tí wọ́n ń bá wa gba ọjà tí a bá rà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó o wá sí Èkó. Ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré kan ni mo rà. Ó dé láìfọ́, owó kílò tí wọ́n gbà kò sì ju iye tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lọ. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí a fi ń tọpa ẹrù ni wọ́n fi dà mí láàmú.

Ẹni tó ta ọjà fún mi ló fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ ránṣẹ́. 1Z ló fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà àti òǹkà inú rẹ̀ sì pé 18, tí a fi ń mọ ti UPS, ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ṣí fóònù mi, mo bá “Delivered” gàdàgbà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó sílé ní Bódìjà tí n kò rí páálí kankan. Àyà mi já. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí “Houston, TX” tí wọ́n kọ wínníwínní sábẹ́ rẹ̀: UPS ti gbé ẹrù dé ibi tí a rán an, iṣẹ́ nọ́ńbà yẹn sì ti parí síbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni n kò fi gbọ́ nǹkan kan, kí ilé-iṣẹ́ náà tó fi nọ́ńbà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, èyí tí kò ṣiṣẹ́ níbòmíràn àfi lórí ìkànnì wọn. Nígbà tí ẹrù dé Èkó, wọ́n gbé e fún àwọn mìíràn tí ń kó ẹrù wá sí Ìbàdàn, nọ́ńbà kẹta tún wọlé. Kò sí ibi tí wọ́n ti so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, “Ẹ má bínú mà, ti àwọn yẹn nìyẹn, àwa ò lè rí i níbí.”

Ètò ilé ìfìwéránṣẹ́ yé ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wa kì í kúrò lára wọn. Lẹ́tà àti òǹkà 13 ni ìlànà Universal Postal Union, àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, fún nọ́ńbà wọn: lẹ́tà méjì, òǹkà mẹ́sàn-án tí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn wà láti fi mọ̀ bí ènìyàn bá ṣi òǹkà kan tẹ̀, àti lẹ́tà méjì orílẹ̀-èdè. Èyí tó bá parí sí GB, Britain ló ti gbéra. Bí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ NIPOST, GB náà ni yóò ṣì máa jẹ́, nítorí ibi tí ẹrù ti wá ni lẹ́tà náà ń sọ, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó wà.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Màá tún lò wọ́n, ṣùgbọ́n màá ti fi nọ́ńbà 1Z ránṣẹ́ sí wọn kí ọjà tó dé Houston, torí ọmọbìnrin yẹn jẹ́wọ́ fún mi pé orúkọ mi ti pa rẹ́ lára páálí, ẹni tó ni ín ni wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́rin yẹn wá.